Ikọ̀ New Orleans Saints ti sáà 2009: ṣé oríire ni wọ́n fi gba ife-ẹ̀yẹ ni, àbí ìgboyà?

Bàbá Kúnlé (Houston):

Mo kí gbogbo ilé o. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ọmọ mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sí pálọ̀ mi, wọ́n ń jiyàn lórí ikọ̀ bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà tó gbayì jù láti ọdún 2000 títí di òní, kò sì sí ẹni tó dárúkọ New Orleans Saints ti sáà 2009 nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tí èmi dárúkọ wọn, ọ̀rẹ́ ọmọ mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Bàbá, oríire lásán ni tiwọn." Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn dáadáa, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síwájú yín.

Ẹni tí yóò bá dá ẹjọ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ikọ̀ náà ti ń bọ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1966 ni wọ́n kéde ìdásílẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ náà sì bọ́ sí àjọ̀dún Gbogbo Ẹni Mímọ́, èyí tó bá orúkọ wọn mu rẹ́gí. Ọdún 1967 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbá bọ́ọ̀lù, ó sì di ọdún 1987 kí wọ́n tó ní sáà àkọ́kọ́ tí iye ìgbà tí wọ́n borí fi ju iye ìgbà tí wọ́n pàdánù lọ. Ní ọdún 1980, nígbà tí wọ́n pàdánù 15 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 16, ìtìjú mú kí àwọn olólùfẹ́ wọn máa gbé àpò bébà borí wá sí pápá, kí ará àdúgbò má baà dá wọn mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìjì Katrina dé, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2005. Superdome tí í ṣe pápá wọn di ibi ìsádi fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí kò rí ọ̀nà jáde nínú ìlú, òrùlé rẹ̀ sì ya mọ́ wọn lórí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n fi bọ́ọ̀sì kó wá sí Astrodome níbí ní Houston. Èmi àti àwọn ará ìjọ wa gbé oúnjẹ lọ fún wọn. Mo rí bàbá arúgbó kan lórí ibùsùn kámúpù, kò ní bàtà lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n fìlà dúdú tó ní àmì òdòdó aláwọ̀ góòlù ti Saints wà lórí rẹ̀, omi ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ etí rẹ̀ pa. Mo bi í bóyá kí n bá a wá fìlà mìíràn, ó sì wò mí bí ẹni tí mo ní kó pààrọ̀ ọmọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹ̀ lé ikọ̀ yìí.

Ní sáà ọdún yẹn, San Antonio àti Baton Rouge ni wọ́n ti ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ó yẹ kí wọ́n gbá nílé, mẹ́ta péré ni wọ́n sì borí nínú 16. Ní ọdún 2006 ni Sean Payton di akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, tí Drew Brees náà sì dé láti San Diego pẹ̀lú èjìká ọ̀tún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 13 léraléra láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, wọ́n wá pàdánù mẹ́ta tó kẹ́yìn, síbẹ̀ wọ́n gba Super Bowl, àṣekágbá líìgì náà. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi: ṣé oríire nìyẹn?

Adébísí (Atlanta):

Bàbá Kúnlé, ẹ kú iṣẹ́ o. N kò ní fi nǹkan kan pamọ́: Falcons ni mò ń tì lẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mejì ni Saints sì na ikọ̀ wa ní sáà náà, 35 sí 27 àti 26 sí 23, nítorí náà ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ mi bí ọ̀rọ̀ orogún. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ọmọ yín kò purọ́ tán.

Ẹ rántí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn pẹ̀lú ikọ̀ ìlú Washington nínú oṣù kejìlá. Wọ́n wà lẹ́yìn pẹ̀lú 23 sí 30, kò sì tó ìṣẹ́jú méjì mọ́ kí eré parí, nígbà tí agbábọ́ọ̀lù-sáàárín-òpó ti Washington fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù láti yáàdì 23 péré, èyí tí ìbá fi òpin sí gbogbo rẹ̀. Ó gbá a síta. Saints sáré lọ fi ayò náà di ọ̀mì, wọ́n sì borí ní àfikún àkókò. Ní abala kìíní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan náà, Brees ju bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ ọ̀tá, ṣùgbọ́n Robert Meachem já a gbà padà lọ́wọ́ ẹni tó gbà á, ó sì gbé e lọ ṣe touchdown. Kí ni a óò pe ìyẹn?

Ẹ wá wo ti Minnesota Vikings, èyí tó kángun sí àṣekágbá. Vikings rin yáàdì 475, Saints kò rìn ju 257 lọ. Brett Favre, ẹni ogójì ọdún, ń tiro lórí ọrùn ẹsẹ̀ kan, síbẹ̀ ó gbé ikọ̀ rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti lè gbá bọ́ọ̀lù sí àárín òpó kí wọ́n sì máa lọ sí Miami fún àṣekágbá. Ẹnì kan ló ṣì òǹkà: ènìyàn méjìlá wọ pápá dípò mọ́kànlá, rẹfirí dá wọn padà sẹ́yìn ní yáàdì márùn-ún, Favre sì ju bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e sọ́wọ́ Tracy Porter ti Saints. Ní àfikún àkókò, Saints ló borí nígbà tí wọ́n ta owó ẹyọ, wọ́n gba bọ́ọ̀lù, wọ́n gbá a sáàárín òpó, ó parí. Favre kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù mọ́. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tí líìgì fi yí òfin àfikún àkókò padà fún ìpele kò-mẹsẹ̀-ó-yọ.

Ọmọ Lísàbí (Abẹ́òkúta):

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú sí mi. Bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá ni mo mọ̀, mo sì ń ka ọ̀rọ̀ yín bí ẹni tó ń gbọ́ ìlù tí kò mọ ohun tí ó ń wí. Kí ni yáàdì ń wá nínú bọ́ọ̀lù? Báwo ni ẹgbẹ́ tó rìn jìnnà jù ṣe wá pàdánù?

Bàbá Kúnlé (Houston):

Àbúrò, ìbéèrè rere ni. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àǹfààní mẹ́rin láti gbé e síwájú ní yáàdì 10. Bí wọ́n bá ṣe é, wọ́n tún gba mẹ́rin mìíràn. Bí wọn kò bá lè ṣe é, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì. Bí wọ́n bá gbé e wọ òpin pápá, touchdown nìyẹn, àmì 6 ni, wọ́n sì máa ń rí ọ̀kan sí i bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó lẹ́yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá sún mọ́ ibẹ̀ ṣùgbọ́n tí ọ̀nà dí, wọ́n lè gbá bọ́ọ̀lù sí àárín òpó náà fún àmì 3. Quarterback ni ọ̀gá tó ń ju bọ́ọ̀lù, òun ni Brees jẹ́.

Ní ti ìbéèrè rẹ kejì, ẹni tó rìn láti Abẹ́òkúta dé Sango tí ó wá sọ ẹrù rẹ̀ nù kò rí nǹkan tà lọ́jà. Ìgbà márùn-ún ni bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ Vikings lọ́jọ́ náà.

Délé Onítáásì (Baltimore, ará New Orleans tẹ́lẹ̀):

Ibi tí Bàbá Kúnlé dé yìí gan-an ni mo fẹ́ kí a dúró sí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wa táásì ní New Orleans, mo sì wà níbẹ̀ ní gbogbo sáà tí a ń sọ yìí. Àǹtí Adébísí, bọ́ọ̀lù tí ẹ ní ó ṣàdédé bọ́ sí wọn lọ́wọ́ kò ṣàdédé rárá.

Lẹ́yìn sáà 2008, Brees ti ju bọ́ọ̀lù fún yáàdì 5,069, síbẹ̀ 8 ni wọ́n borí tí wọ́n sì pàdánù 8, nítorí pé àwọn tó ń dènà lẹ́yìn dà bí ilé tí kò ní ilẹ̀kùn. Payton wá lọ pe Gregg Williams láti máa darí ìdènà, ó sì yọ 250,000 dọ́là nínú owó iṣẹ́ ara rẹ̀ kí owó ọkùnrin náà lè pé. Ẹ wo bí èèyàn ṣe ń yọ nínú owó ara rẹ̀ san owó òṣìṣẹ́ mìíràn! Ohun tí Williams kọ́ wọn kò ṣòro láti lóye: nígbà ìgbaradì, bọ́ọ̀lù kankan kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀. Ì báà jẹ́ bọ́ọ̀lù tí ẹni tí wọ́n jù ú sí kò rí mú, tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó ti kú, kí ẹni tó sún mọ́ ọn jù gbé e, kí ó sì máa sá lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà títí dé òpin rẹ̀, ìgbà 39 ni wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n bá gbá, wọ́n sì tún gbà á nígbà 8 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Meachem tí ẹ fi ṣe ẹlẹ́rìí oríire, agbá-iwájú ni, kì í ṣe adènà. Bí ẹ̀kọ́ ìdènà bá ti ràn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba bọ́ọ̀lù tí Brees bá jù, ẹ ṣì ń pè é ní oríire?

Ọmọ wa kan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Remi Ayodele ló ń dúró láàárín ìlà iwájú àwọn adènà, níbi tí àwọn gìrìpá ti ń forí gbárí. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá, Will Smith gbá quarterback Jets mú ní òpin pápá tirẹ̀, bọ́ọ̀lù jábọ́, Ayodele sì dà á bolẹ̀: touchdown. Mo wà ní ibùdó epo lọ́jọ́ náà tí rédíò ń pariwo orúkọ yẹn, bí wọ́n ṣe ń lọ́ ọ ló mú mi rẹ́rìn-ín, mo sì bá wọn pè é bó ṣe yẹ sétí ẹni tó ń ta epo: Ayọ̀délé, ayọ̀ ti dé ilé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ kojú Miami Dolphins, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Akin Ayodele, ti ń gbá. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Vikings tí ẹ tọ́ka sí, nígbà tí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ Percy Harvin nítòsí òpin pápá tiwọn, ta ló gbé e? Remi yìí kan náà ni. Láti ibẹ̀ ni Brees ti ju bọ́ọ̀lù sí Reggie Bush tí ó fi di 28 sí 21.

Adébísí (Atlanta):

Ẹ̀gbọ́n Délé, ẹ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ yín sì wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè dárúkọ Gregg Williams kí ẹ má parí ìtàn rẹ̀. Ní ọdún 2012, líìgì kéde pé láti sáà 2009 ni àpò owó kan ti wà nínú ikọ̀ náà, tí wọ́n fi ń san ẹ̀bùn fún ẹni tó bá lu agbábọ́ọ̀lù ọ̀tá débi tí kò fi lè máa gbá lọ. Wọ́n lé Williams kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìdá àkókò, wọ́n dá Payton dúró fún gbogbo sáà 2012, ikọ̀ náà san 500,000 dọ́là, wọ́n sì pàdánù ẹ̀tọ́ yíyan ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ní ìpele kejì lọ́dún méjì. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń da Favre nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ rántí Kurt Warner ti Arizona Cardinals, tí wọ́n kọlù láyà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú nígbà tí Saints na ikọ̀ rẹ̀ 45 sí 14. Òun ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó gbá kẹ́yìn. Mo ní ìgboyà àti ìkà kì í ṣe nǹkan kan náà.

Délé Onítáásì (Baltimore):

N kò ní bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Wọ́n fagi lé ìjìyà àwọn agbábọ́ọ̀lù lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹni tó fagi lé e kò sọ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àbàwọ́n ni, ó wà lára aṣọ náà, bẹ́ẹ̀ ló sì máa wà. Darren Sharper tí ó já bọ́ọ̀lù gbà nígbà 9 ní sáà yẹn náà ti di ẹlẹ́wọ̀n nítorí ìwà ọ̀daràn tó burú jáì, ẹnu mi kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n owó àpò kankan kọ́ ló ti bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ Harvin, òun náà kọ́ ló sì kó èèyàn méjìlá wọ pápá.

Ọmọ Lísàbí (Abẹ́òkúta):

Ó ti ń yé mi díẹ̀díẹ̀. Àṣekágbá náà ńkọ́? Mo rí i níbì kan pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kan tí ẹnikẹ́ni kò retí, pé ibẹ̀ ni ayé ti yí padà.

Bàbá Kúnlé (Houston):

Ọjọ́ keje oṣù kejì ọdún 2010 ni, ní Miami. Indianapolis Colts ni wọ́n bá gbá, quarterback wọn sì ni Peyton Manning, ọmọ tí wọ́n tọ́ ní New Orleans gan-an, tí bàbá rẹ̀ Archie sì gbá bọ́ọ̀lù fún Saints fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí ikọ̀ náà kò ní olùgbèjà. Ọmọ ilé ló wá bá ilé jà.

Colts kọ́kọ́ gba àmì 10 kí Saints tó rí ẹyọ kan. Nígbà tí abala kìíní ń parí lọ, Saints dé ibi tó ku yáàdì kan péré, wọ́n lè fi ẹsẹ̀ gbá a fún àmì 3, ṣùgbọ́n Payton ní kí wọ́n gbé e wọlé. Colts dí wọn pa. Gbogbo wa ní pálọ̀ mi di orí mú. Ṣùgbọ́n Colts tó gba bọ́ọ̀lù ní ẹnu ọ̀nà ilé ara wọn kò lè rìn, wọ́n dá a padà, Garrett Hartley sì gbá a sáàárín òpó lẹ́ẹ̀kejì kí wọ́n tó lọ sinmi. 10 sí 6.

Àbúrò, fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Bí abala kejì bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ kan máa ń gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà fún ẹgbẹ́ kejì. Saints ni ó kàn láti gbá a fún Colts. Ṣùgbọ́n òfin ìgbà náà sọ pé bí bọ́ọ̀lù náà bá ti rìn tó yáàdì 10, ẹni tó gbá a pàápàá lè lọ gbé e. Àwọn tó ti fẹ́ pàdánù, tí àkókò ti tán mọ́ lọ́wọ́, ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó ṣe é rí nínú Super Bowl kí ó tó di ìdá kẹrin eré. Payton sọ fún wọn nínú yàrá ìsinmi pé òun máa ṣe é. Thomas Morstead, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ líìgì lọ́dún náà, rìn lọ bí ẹni tó fẹ́ gbá a dé òkè, ó wá fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ gé e sí òsì. Bọ́ọ̀lù ta, ó bá Hank Baskett ti Colts, ó ta padà lára rẹ̀, Chris Reis sì wó lé e lórí.

Lẹ́yìn náà, òkìtì ènìyàn. Mo ti wo fídíò rẹ̀ tó ìgbà ogún. Ẹsẹ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ rí, ẹsẹ̀ tó ń ta bí ẹja inú agbọ̀n. Rẹfirí ń fa èèyàn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń já ara wọn ní ìka, Reis sì di bọ́ọ̀lù mọ́ ikùn àti itan. Ó ju ìṣẹ́jú kan lọ kí rẹfirí tó nawọ́ síhà Saints. Wọ́n kọ bọ́ọ̀lù náà sórúkọ Jonathan Casillas nínú ìwé, ṣùgbọ́n Casillas fúnra rẹ̀ mọ apá ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Àǹfààní mélòó kan lẹ́yìn náà, Pierre Thomas wọlé, ó di 13 sí 10.

Ẹ dákun, ẹni tó bá pe ìyẹn ní oríire, kí ó sọ ohun tí wọ́n ìbá pè é bí bọ́ọ̀lù náà bá bọ́ sọ́wọ́ Manning níbi tó súnmọ́ ilé báyẹn. Wọn ìbá ní Payton ti ya wèrè.

Délé Onítáásì (Baltimore):

Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Colts gbà á padà, 17 sí 13. Hartley gbá a sáàárín òpó nígbà kẹta, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ju yáàdì 40 lọ, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí nínú Super Bowl kan. Ọmọ yìí kan náà ni wọ́n dá dúró fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin níbẹ̀rẹ̀ sáà nítorí oògùn tí òfin kò gbà, tí ó sì gbá bọ́ọ̀lù síta nígbà tí Tampa Bay wá nà wọ́n nílé. Jeremy Shockey wọlé, ó di 24 sí 17. Manning ń bọ̀ láti fi í di ọ̀mì. Gbogbo ẹni tó wà nínú ìlú mọ̀ pé Manning kì í ṣe ẹni tí a fi irú àkókò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún.

Mo ní èrò kan lẹ́yìn ọkọ̀, ìyá àgbàlagbà kan tó ń lọ sí Gentilly. Ó ní kí n gbé ọkọ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, kí n pa ẹ́ńjìnnì, kí rédíò nìkan máa sọ̀rọ̀. Ó di ẹ̀yìn àga mi mú. Kí rédíò tó parí gbólóhùn rẹ̀, ilé tó wà lápá ọ̀tún wa ti hó, lẹ́yìn náà òdìkejì, lẹ́yìn náà gbogbo òpópónà. Tracy Porter, ọmọ Port Allen, Louisiana, ti já bọ́ọ̀lù Manning gbà, ó sì ń gbé e sá lọ ní yáàdì 74. 31 sí 17. Ìyá náà kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń gbá ẹ̀yìn àga mi, pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ sùn.

Adébísí (Atlanta):

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fi ìyá yẹn gbà mí lẹ́nu ìjà. Mo gbà pé bọ́ọ̀lù ẹ̀bá-ẹsẹ̀ Morstead kì í ṣe oríire, mo sì gbà pé ẹni tó ju bọ́ọ̀lù 39 tí 32 nínú rẹ̀ bá ẹni tó jù ú sí, bí Brees ṣe ṣe lọ́jọ́ náà, tó sí ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó tayọ tí wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n ti Washington, ó ṣì wà lọ́rùn mi. Yáàdì 23! Ọmọ ilé-ìwé gíga lè gbá a wọlé.

Bàbá Kúnlé (Houston):

Adébísí ọmọ mi, mo fi Washington sílẹ̀ fún ọ, máa gbé e lọ. Mo ti ka gbogbo èsì yìí sí ọ̀rẹ́ ọmọ mi létí. Ó ní òun yóò wá lọ́jọ́ Sátidé kí a jọ wo àṣekágbá náà. Mo ní rárá, a óò bẹ̀rẹ̀ láti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Miami Dolphins, níbi tí wọ́n ti wà lẹ́yìn pẹ̀lú 3 sí 24, tí ó ku ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún kí abala kìíní parí, tí Payton sì kọ̀ láti gba àmì 3 tó wà nílẹ̀, tí Brees fò kọjá lórí àwọn gìrìpá pẹ̀lú bọ́ọ̀lù ní ọwọ́ méjèèjì. 46 sí 34 ni wọ́n fi borí lọ́jọ́ náà. Ìyàwó mi ti ní òun yóò se ọ̀fadà.